Ẹ Má Kí Alájì

Láti ìdájí ni inú Dókítà Christelle ti ń dùn bí inú ọmọdé tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn kékeré tó wà lórí òkè ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò, ó kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, ó kí obìnrin tó ń fọ ilẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kó kí garawa tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tuntun ti dé. Wọ́n ti tò ó pọ̀, wọ́n ti dán an wò, òní ni wọ́n sì fẹ́ kọ́kọ́ fi wo ènìyàn.

Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ tó ń wo iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn láti inú iṣan náà gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ lè ní kí ló tún kù, ṣebí ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń ya àwòrán ọkàn. Wọ́n ń yà á lóòótọ́, àmọ́ òjìji ni wọ́n ń yà. Wọ́n á ti okùn rọ́bà tín-ín-rín gba ọrùn ọwọ́ aláìsàn dé ẹnu iṣan ọkàn, wọ́n á tú oògùn sínú rẹ̀, ẹ̀rọ ńlá á sì ya òjìji oògùn náà bó ṣe ń ṣàn lọ. Ibi tí òjìji bá ti há, wọ́n á ní ibẹ̀ ló dí. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ti ara òjìji ènìyàn mọ ohun tí onítọ̀hún jẹ sùn? Ẹ̀rọ tuntun yìí ní okùn tirẹ̀ tó tún tín-ín-rín ju ti àkọ́kọ́ lọ, iná kékeré kan sì wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Iná náà á wọ inú iṣan, á máa yí bírí bírí, wọ́n á fà á padà wẹ́rẹ́, ògiri iṣan á sì jáde lójú tẹlifíṣọ̀n ní ìpele ìpele: ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ọn, ibi tó ti le, ibi tó ti ya.

Tunis ni Christelle ti lọ kọ́ ọ. Ọmọ Glei ni, ọmọ Ifẹ̀ ilẹ̀ Tógò pọ́ńbélé, ìyá rẹ̀ sì ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà létí títì níbi tí àwọn tasí ti ń já èrò sílẹ̀. Ìyá náà kò mọ orúkọ iṣẹ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tó ń sọ fún àwọn oníbàárà ni pé ọmọ òun ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ọkàn ènìyàn. Christelle ti ṣàlàyé títí, ó sú u. Ìgbà tó wá rò ó dáadáa, ó rí i pé ìyá òun kò kúkú ṣì í sọ.

Alájì Múítì ni ẹni tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń ná ọjà Atakpamé tó máa ní òun kò mọ Alájì Múítì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Atakpamé ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ ló sì ti ń ta àdá, ọkọ́ àti garawa. Lọ́jọ́ ọjà Moretan tó kọjá, bó ṣe ń já ẹrù àdá sílẹ̀, nǹkan kan dì í láyà gírí, òógùn sì bò ó. Ó ní atẹ́gùn lásán ni, kí wọ́n bá òun wá ata ilẹ̀. Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ kò tilẹ̀ bá a jiyàn. Ó ti ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Bí kì í bá ṣe obìnrin yẹn, à bá ti máa fi “olóògbé” ṣáájú orúkọ Alájì báyìí.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti fara pa. Wọ́n ya òjìji, wọ́n rí ibi méjì lára iṣan kan náà, iṣan ńlá tó gba iwájú ọkàn. Ti òkè há gan-an, ojú lásán rí i. Ti ìsàlẹ̀ kò há tó bẹ́ẹ̀, ó kàn ṣe bàìbàì bí ìgbà tí ènìyàn bá mí sára dígí. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló ya lọ́jọ́ ọjà Moretan, tí ẹ̀jẹ̀ dì sórí ẹ̀, tó fẹ́ mú Alájì lọ. Èyí tó ya lẹ́ẹ̀kan lè tún ya, bó bá sì tún ya, kò dájú pé awakọ̀ á sáré tó. Ibẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wáyà alágọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní sítẹ́ǹtì sí, kó gbé ògiri iṣan ró. Àmọ́ èwo nínú méjèèjì ni?

“Ti òkè ni,” Dókítà Luc sọ. Òun ni ọ̀gá wọn. Ó ti ń tọ́jú ọkàn àwọn ènìyàn nígbà tí Christelle ṣì ń wọ aṣọ ilé ìwé, kì í sì í ṣe ẹni tó ń fi wàdùwàdù ṣiṣẹ́. “Wo bó ṣe há.”

“Ó há lóòótọ́, ọ̀gá. Ti ìsàlẹ̀ yẹn ni ò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló ya ńkọ́? A ó so ewúrẹ́ tí kò jẹ iṣu mọ́lẹ̀, a ó wá fi èyí tó ń jẹ ẹ́ sílẹ̀ nínú oko.”

“Ẹ kúkú jẹ́ ká fi wáyà sí méjèèjì,” Armel dá sí i. Nọ́ọ̀sì ni, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Luc mi orí. Àtọ̀gbẹ ti dá kíndìnrín Alájì lágara, oògùn tí wọ́n ń tú sínú iṣan sì máa ń ni kíndìnrín lára. Tí wọ́n bá tú u jù, wọ́n lè tún ọkàn ṣe tán kí wọ́n rí i pé kíndìnrín ti kú.

“Christelle, gbọ́,” ó ní. “Tí a bá yọ èyí tí a ó fi ti wáyà sẹ́yìn, oògùn tó kù kò lè ju ká fi iná yẹn wò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ. Bó o bá rí nǹkan, ohun tó o rí la ó tẹ̀ lé. Bó ò bá rí nǹkan, wáyà á wà lókè, a ó sì máa gbàdúrà.”

Christelle ní ó dáa. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ayọ̀ àti ẹ̀rù jọ ń lù ú pọ̀ ni, kò sì mọ èyí tó pọ̀ jù.

Wọ́n tẹ́ Alájì sórí bẹ́ẹ̀dì tóóró náà, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí pátákó, wọ́n sì fi bándéèjì dè é fẹ́rẹ́. Ọrùn ọwọ́ yẹn ni okùn gbà wọlé. Christelle àti Armel wọ ẹ̀wù òjé tí ìtànṣán ẹ̀rọ kì í là kọjá, tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Luc jókòó sí yàrá kejì lẹ́yìn dígí, níwájú gbohùngbohùn, Ràbíátù sì dúró tì í pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, nítorí Christelle ti ṣèlérí fún un pé yóò fojú ara rẹ̀ rí inú iṣan ọkọ rẹ̀. Wọn kò fún Alájì ní oògùn oorun. Ojú rẹ̀ là kedere, ó sì ti kí gbogbo wọn tán pátá, títí kan ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n bá òun kí i bí wọ́n bá fojú kàn án.

“Bàbá, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ o,” ni Christelle wí. “Ẹ má mira, ẹ má sọ̀rọ̀. Kò ní pẹ́ rárá.”

“Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Màá ṣe bí òkú.”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ohùn Ràbíátù bú jáde láti inú gbohùngbohùn.

Christelle rọra ti okùn iná náà wọlé, ó gba ibi tó há kọjá, ó gba ibi tó ṣe bàìbàì kọjá, ó dúró. Iná kì í ríran nínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn ni yóò ti ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, inú iṣan á mọ́ gaara, iná á sì sáré padà kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Bí ìgbà tí ọ̀nà bá ṣófo fẹ́ẹ́ tí ènìyàn sáré sọdá ni. Ó mi orí sí Armel. Armel ti oògùn.

Oògùn náà máa ń mú àyà gbóná. Ojú Alájì fún díẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe Christelle, ẹnu rẹ̀ sì là kó tó ronú.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá.”

Háà! Ẹ wo ohun tí ẹ̀kọ́ ilé ń fojú ọmọ ènìyàn rí.

“Òo o! Ẹ ṣeun, Dókítà! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, Ọlọ́run yóò bá yín ṣe é!” Kì í ṣe ẹnu nìkan ni Alájì fi dáhùn. Ọwọ́ ọ̀tún tí okùn wà nínú rẹ̀ já bándéèjì, ó dìde láti juwọ́ bí àgbà ṣe ń juwọ́ sí ọmọ tó kí i. Okùn yọ kúrò lẹ́nu iṣan, oògùn dà sí ibòmíràn, ojú tẹlifíṣọ̀n sì kún fún ìkùukùu. Kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀, kò sí ògiri. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n yà.

“Ó ti bàjẹ́,” Luc sọ jẹ́jẹ́.

Armel ti di ọwọ́ Alájì mú, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ padà sórí pátákó. “Ẹ kú ìnira, Alájì.”

“A dúpẹ́ o, Armel! Kò sí ìnira kankan. Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Sàfà, Pàpá?” Luc fi Faransé bi í láti inú gbohùngbohùn pé ṣé dáadáa ni, nítorí ó fẹ́ mọ̀ bóyá àyà ń dùn ún.

“Sàfà o, ọ̀gá! Sàfà dáadáa! Mádáàmù ńkọ́ nílé?”

Tí ènìyàn bá fẹ́ bínú, ta ló fẹ́ bá wí? Kò sí ẹni tí ewúrẹ́ tọ́ dàgbà nínú yàrá yẹn. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti kọ ìwé ìlò rẹ̀ ní oríṣìíríṣìí èdè, àmọ́ kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn kan wà láyé tí kò lè rí ẹni tó ń jìyà kí wọ́n má kí i, àti pé ẹni tó ń jìyà náà kò ní lè ṣe kó má dáhùn.

Ojú ti Christelle. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná lábẹ́ fìlà. Ó ti fa iná yìí rí láìṣe àṣìṣe kankan ní Tunis, lára àwọn aláìsàn tó ń bá sọ èdè Faransé, tí “ẹ pẹ̀lẹ́” kò sì sí lẹ́nu rẹ̀. Ilé tó dé ló bà á jẹ́.

“Ẹ̀ẹ̀kan ló kù,” Luc sọ. “Ṣé ká fún un ní oògùn oorun díẹ̀?”

Wọ́n jọ wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Alájì. Ó ti lọ sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe fẹ́ lọ. Oògùn oorun á tún fà á wálẹ̀ sí i, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀.

“Ó dáa. Ẹ gbọ́,” Christelle sọ. “Ẹ má kí Alájì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí Alájì. Bàbá, ẹ̀yin náà, bí a bá tilẹ̀ ṣèèṣì kí yín, ẹ má dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹ rí ọwọ́ yìí? Bí ẹ bá gbé e sókè, a ò ní rí ibi tó ń pa yín.”

“Ó ti yé mi, ọmọ mi. Mi ò ní dáhùn mọ́.”

“Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ káàárọ̀, Bàbá.”

Alájì pa ẹnu mọ́. Ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Armel ń wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò ẹ̀wà tó fẹ́ hó dànù.

“Káàárọ̀ o, ọmọ mi!” ó bú jáde. “Ẹ dákun, ẹ má bínú, ó ń yún mi lọ́fun ni. Ẹni tó kí ènìyàn, àdúrà ló ṣe fún un. Ṣé kí n jẹ́ kí àdúrà já bọ́ sílẹ̀ ni?”

Wọ́n wá pinnu pé àwọn á dákẹ́ ni, kí ó má bàa rí ohun tó máa dáhùn. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ìyẹn tún wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alájì wo Armel, Armel gbójú kúrò. Ó wo Christelle, Christelle wo ilẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” Alájì sọ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù. “Ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ ti dákẹ́ jù. Ẹ kú iṣẹ́ ná.”

Wọ́n lu dígí kì, kì. Ràbíátù ni. Ó ti fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ sápò, ó sì ń na ọwọ́ sí gbohùngbohùn bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtọ́. Luc wo Christelle, Christelle ní kó gbé e fún un.

“Bàbá Nàfísàt.”

“Ìyá Nàfísàt! Ẹ kú ìdúró o!”

“Ẹ má kí mi. Ẹ fetí sílẹ̀. Bí ènìyàn bá wà lórí ìrun tí wọ́n kí i, ṣé ó máa ń dáhùn?”

“Rárá o. Ta ló ń dáhùn lórí ìrun?”

“Ṣé ó ń juwọ́?”

“Kò gbọdọ̀ juwọ́.”

“Bó bá dákẹ́, ṣé àdúrà ẹni tó kí i já bọ́ ni?”

Alájì rò ó. “Kò já bọ́. Ọlọ́run á bá a gbé e dání.”

“Ẹ ṣeun. Ẹ gbà pé ẹ ti wà lórí ìrun báyìí. Ẹ pa ojú dé, ẹ máa ṣe àsìkìrì lọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá bá yín sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ ọba, ì báà jẹ́ dókítà, ẹ má dá a lóhùn, ẹ má gbé ọwọ́. Ó di ìgbà tí èmi Ràbíátù bá sálámà sí yín kí ẹ tó la ẹnu. Èmi nìkan o.”

Alájì fẹ́ sọ pé ó dáa. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ojú rẹ̀ náà pa dé. Lójú ẹ̀rọ, ọkàn tó ń sáré bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ó ń rọlẹ̀, títí ó fi ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti oko dé.

Wọ́n dá okùn padà sí ààyè rẹ̀. Christelle fi eyín di ahọ́n ara rẹ̀ mú kó má bàa kí ẹnikẹ́ni. Ó mi orí sí Armel.

Armel ti oògùn. Ojú Alájì fún, àmọ́ kò mira. Ìkùukùu tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n sì ṣí bí ìgbà tí wọ́n bá ká aṣọ fèrèsé, iná náà sáré padà, fìíì, ó tán.

Inú iṣan Alájì Múítì ló wà níwájú wọn yẹn!

“Yéè!” Christelle kígbe. Kò mọ ìgbà tó kígbe. Ògiri iṣan náà yọ roboto, ìpele mẹ́ta gbáko, ọ̀kan nínú èkejì, ó ń dán bí wúrà. Ó ti rí irú rẹ̀ rí ní Tunis, kò sì rí i bí èyí rí. Orí òkè Atakpamé ló ti ń rí eléyìí, lára ọkùnrin tó ta garawa tí ìyá òun ń fi fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè fi ọwọ́ nù ún nítorí ìbọ̀wọ́.

“Lọ sí òkè! Lọ sí òkè!” Luc ti fi yàrá dígí sílẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù òjé, ó ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n lọ sí òkè, sí ibi tó há. Ògiri ibẹ̀ nípọn, ọ̀rá rẹ̀ ti dàgbà, ó ti le gbagidi, ojú rẹ̀ sì dán láìní ihò kan. Ó há lóòótọ́, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe é. Àpá àtijọ́ ni. Ó lè ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìdá ẹnikẹ́ni láàmú.

“Ìsàlẹ̀,” Luc sọ. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

Christelle yí àwòrán náà wá sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì mí. Ògiri tínrín. Abẹ́ rẹ̀ dúdú, ọ̀rá rírọ̀ ló kún ibẹ̀ bámúbámú. Ó tún yí i díẹ̀. Ó tún yí i.

Ibẹ̀ ló wà. Awọ tínrín tó bo ọ̀rá náà ti ya, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu bí ìlẹ̀kùn tí olè já, inú ihò náà sì hàn kedere, ẹ̀jẹ̀ dídì kékeré kan ń rọ̀ dirodiro létí rẹ̀. Ibi tí òjìji ń fi tan gbogbo wọn pé kò sí nǹkan gan-an ni ikú fi ṣe ilé.

“Òun ni!” Armel ń pariwo. “Dókítà, òun ni!”

“Òun ni,” Luc náà ń sọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbá Christelle léjìká gbàgbà bí ẹni pé àwọn jọ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. “Òun ni, ọmọ mi! Ojú mi fò ó pátápátá. Ó yá, ìwọ fúnra rẹ ni kó fi wáyà sí i.”

Lẹ́yìn dígí, Ràbíátù kò mọ ìpele mẹ́ta, kò mọ ọ̀rá rírọ̀, àmọ́ ó mọ ojú ènìyàn. Ó rí ojú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló rántí pé àkókò ìrun Àyìlá ti ń kọjá lọ, ó sì mú ẹní rẹ̀, ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Christelle ti wáyà náà wọlé. Kò sí ohun tó dùn bíi kí ènìyàn mọ ibi tí òun ń lọ. Ó gbé e dé ojú ibi tó ya gẹ́lẹ́, ó fẹ̀ ẹ́, wáyà náà là bí agboòrùn, ó gbé awọ yíya náà mọ́ ògiri. Luc ya òjìji kékeré kan fi wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ láìdúró. Wọ́n fa okùn jáde, wọ́n di ọrùn ọwọ́ náà.

“Bàbá!” Christelle pariwo. “Ó ti parí! Ẹ kú ewu o!”

Alájì kò dáhùn.

“Alájì, ẹ kú ewu o,” ni Armel wí.

Alájì kò dáhùn.

“Sàfà, Pàpá?”

Kò sí nǹkan kan. Ojú rẹ̀ pa dé, ọwọ́ rẹ̀ nà sílẹ̀ gbọọrọ. Christelle wo ẹ̀rọ. Ọkàn ń lù dáadáa, ìfúnpá dáa, èémí dáa. Gbogbo ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sì dà nù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ó mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì tí wọ́n rí yẹn, bí ìdá kékeré kan bá já nígbà tí wọ́n ń fa okùn, tó bá sá gba ọ̀nà ọpọlọ lọ, ọkàn á máa lù, ènìyàn ò sì ní sọ̀rọ̀ mọ́. Àbí òun ti wo ọkàn ọkùnrin yìí sàn tán, òun ti fi ọpọlọ rẹ̀ san án?

“Bàbá, ẹ fún mi lọ́wọ́ gírí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́wọ́.”

Ọwọ́ náà kò mira. Luc ti mú tọ́ọ̀ṣì, ó ṣí ìpéǹpéjú Alájì, ojú náà yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó sá fún iná, ó sì wo Luc bí àgbàlagbà ṣe ń wo ọmọ tó ń ṣeré níwájú ẹni tó ń kírun.

Armel ni ó kọ́kọ́ yé. “Dókítà,” ó ní, “ìrun.”

Ó ti sá jáde kó tó sọ ọ́ tán. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. “Màmá! Màmá, ẹ máa bọ̀!” Kò sí ìdáhùn. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́!” Kò sí ìdáhùn. Ràbíátù wà lórí ìrun tirẹ̀, ó ti forí kanlẹ̀, kò sì sí ohun tí Armel lè ṣe ju kó dúró létí ẹní, kó máa jó lórí ẹsẹ̀ kan bí ẹni tó ń wá ibi tó máa tọ̀ sí. Nínú yàrá, Luc ti jókòó sórí àga, ó fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Christelle kò lè rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ Alájì mú. Bí ẹ bá ní kó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ẹ ó jà.

Nígbà tí Ràbíátù yíjú sọ́tùn-ún, tó yíjú sósì, tó rí ojú Armel, kò bi í léèrè. Ó sáré wọlé láìwọ bàtà. Ó dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí ọkọ rẹ̀ tó nà gbọọrọ, ó sì tẹ̀ mọ́ etí rẹ̀.

“Àsàláámù àlàékùn, Bàbá Nàfísàt.”

Ojú Alájì là.

“Wàálàékùn sàláámù.”

Christelle fi orí lé etí bẹ́ẹ̀dì, ó mí. Gbogbo wọn dúró kí odò kíkí náà wá ya: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, mádáàmù ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Kò ya. Alájì kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wò.

“Ìyá Nàfísàt, o ti jẹun?”

Ràbíátù mi orí pé rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí ọkọ rẹ̀ má fi nǹkan kan kan ẹnu, òun náà kò fi omi kan ẹnu, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ sọ pé ebi kò pa òun. Ẹkún ló jáde.

“Mo mọ̀,” ni Alájì wí. “Mo dùbúlẹ̀ síbí, mo mọ̀ pé o ò ní jẹun. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń yún mi lọ́fun jù látàárọ̀.” Ó wá yíjú sí Christelle. “Dókítà, ẹ dákun, ẹ bá mi wá nǹkan fún ìyàwó mi.”

Christelle kò rán ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ ẹ̀wù òjé sílẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀, ó sáré sọ̀kalẹ̀ òkè lọ bá obìnrin tó ń ta àyímólù létí títì, ìrẹsì àti ẹ̀wà tó ń gbóná yọ èéfín, ó ní kó bu ẹran sí i, kó bu ẹyin sí i, kó tún bu òmíràn, ẹ̀rín àti ẹkún sì dàpọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu débi pé obìnrin náà bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ènìyàn mélòó ló fẹ́ jẹun.